Ta Ni “Wọ́n” Tó Ní?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi: “Wọ́n ní.” Wọ́n ní akápò ẹgbẹ́ ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ. Wọ́n ní ẹran tó kú fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ní búkà yẹn. Wọ́n ní dókítà yẹn ò parí ìwé. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé ta ni “wọ́n”, á kàn rẹ́rìn-ín ni. “Wọ́n” ò lójú, kò lórúkọ, a ò mọ ilé ẹ̀. Lórí WhatsApp, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ń jẹ́ “forwarded as received”. Lórí X, ó ń jẹ́ “I'm just asking o”. Ẹnì kan náà ni.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tí wọ́n bá ti já ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́, kó yáa wá lọ́yà gidi lọ, kó má gbé àròkọ yìí lọ sí kóòtù. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, tí mo wá tún un sọ, ta ló ni ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ní ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló ni ín. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, ẹni tó tún un sọ náà ti sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ẹnu tirẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jáde. Èmi gbà pé òfin yìí tọ̀nà. Àmọ́ ó níbi tí mo gbà á dé.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà Bálógun. Ká ní ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ń ta àǹkárá láti ogún ọdún sẹ́yìn. Oníbàárà kan ra yáàdì mẹ́fà, ó délé, ó wọ̀n ọ́n, ó bá márùn-ún àbọ̀. Ó ya fọ́tò aṣọ àti téèpù, ó ya rìsíìtì mọ́ ọn, ó kọ ọ́ síta pé: “Mo ra yáàdì mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù yìí lónìí, márùn-ún àbọ̀ ni mo bá.” Ẹnì kejì rí i, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ: “Wọ́n ní olè ni ìyá yẹn, ó pẹ́ tó ti ń ṣe é.” Ẹnì kẹta gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì: “Ẹ ṣọ́ra o, wọ́n ní ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí.” Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí ti ń kọjá níwájú ìyá yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kò sì mọ ohun tóun ṣe.

Ẹni àkọ́kọ́ ní aṣọ, ó ní téèpù, ó ní rìsíìtì. Bí ìyá náà bá pè é lẹ́jọ́, á ní òtítọ́ lòún sọ, òtítọ́ sì ni ààbò tó lágbára jù nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ńkọ́? Wọn ò lè dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n ní, “Olúwa mi, òtítọ́ ni pé a gbọ́ ọ.” Adájọ́ ò bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọ. Ó ń bi wọ́n bóyá ìyá náà jalè lóòótọ́, bóyá ó ṣẹ̀wọ̀n lóòótọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni wọ́n máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, “wọ́n ní” kankan ò sì ní bá wọn jókòó sí kóòtù.

Ní 1989, nínú ẹjọ́ tó kan ìwé ìròyìn Sketch ti Ìbàdàn àti ọ̀gbẹ́ni Ajagbemokeferi, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ to àwọn nǹkan tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé ọ̀rọ̀ náà wà ní àkọsílẹ̀, pé olùjẹ́jọ́ ló gbé e jáde, pé ẹlòmíì rí i, pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí, pé ó ba òun lórúkọ jẹ́, pé kì í ṣe òótọ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá máa gbé ọ̀rọ̀ jáde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, olóòtú, àti lọ́yà tó ń ka ojú ìwé kó tó lọ síta. Lónìí, ọmọ ogún ọdún tó jókòó sínú dánfó ní CMS lè gbé ọ̀rọ̀ jáde kí ọkọ̀ tó dé Òbáléńdé. Òfin tó de Sketch náà ló dè é, kò sì sí olóòtú tó máa ní, “Ọmọ mi, dúró ná.”

Ẹ tún wo “ẹlòmíì rí i” yẹn dáadáa. Bí mo bá bú ẹnì kan nínú ìfìránṣẹ́ tó lọ bá òun nìkan, kò tíì di ìbanilórúkọjẹ́. Ẹnì kan péré tó bá rí i lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dì í. Ìdí nìyẹn tí àwáwí “ẹgbẹ́ kékeré ni, a ò ju méjìlá lọ” ò fi gbani. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kan ní London ní kí Lalit Modi san £90,000 fún Chris Cairns, ọ̀gbẹ́ni tó ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún New Zealand rí, torí tweet kan ṣoṣo tó ní ó ń ta ìdíje. Nǹkan bí èèyàn 65 ni wọ́n ṣírò pé ó rí tweet yẹn nígbà tó jáde. Èèyàn 65! Ẹgbẹ́ ọmọléèwé gíírámà yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èyí tó dùn mọ́ mi jù wáyé, nílùú London kan náà. Ìròyìn kan ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nípa olóṣèlú kan tí wọ́n ò dárúkọ ẹ̀, pé ó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í méfò orúkọ lórí Twitter, wọ́n ní Lord McAlpine ni. Irọ́ gbáà ni. Sally Bercow ò sọ pé òun ló ṣe é. Ó kàn béèrè pé kí ló dé tí orúkọ McAlpine fi gba gbogbo orí Twitter, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé òun ń ṣe ojú ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Adájọ́ ní 2013 ní ẹni tó bá kà á máa mọ ohun tó ń sọ, ó sì ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi emoji ojú méjì sábẹ́ orúkọ èèyàn, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ọmọ Yorùbá ò yẹ kí èyí yà lẹ́nu. Àwa la ni òkò ọ̀rọ̀. Obìnrin méjì lè jà láti òwúrọ̀ dalẹ́ nínú agboolé kan ní Òkè Pópó láìdárúkọ ara wọn lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ilé sì mọ ẹni tí òkò ń bà. Àgbà tó bá fẹ́ parí ìjà náà ò ní gbà fún èyí tó ní, “Ṣé mo dárúkọ ẹ̀ ni?” Á ní kó lọ bẹ ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ mi. Tí ẹ bá forward ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ lè rò pé ńṣe lẹ kàn nawọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Fóònù yín ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun: nọ́ńbà yín ló wà lórí ẹ̀, àkókò tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló gbé. Á kọ “Forwarded” sí i lókè, ó parí. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n dìídì kọ ẹ̀rọ náà kó lè sọ èèyàn gidi di “wọ́n”. Àwọn tó kọ ọ́ náà mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀: ní 2019 wọ́n ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ forward nǹkan sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 2020, èyí tó bá ti rìn jìnnà kọjá ààlà, ibì kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí iléeṣẹ́ lè gbà sọ ọ́ pé ọwọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri náà lẹ́bi tirẹ̀.

Ẹ má sì gbára lé “delete for everyone”. Ẹni tó ti ya screenshot ti yà á. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n screenshot fúnra ẹ̀ ńkọ́? Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde ò kàn lè wọlé sí kóòtù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn, kí ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìdìbò gómìnà Bayelsa, tí wọ́n dá ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látorí ayélujára nù torí wọn ò tẹ̀ lé abala yìí. Àwọn kan rò pé ìṣòro lọ́yà lásán nìyẹn. Inú tèmi dùn sí i. Mo lè ṣí ojú ìwé èyíkéyìí nínú bíráúsà, kí n yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà, kí n sì ya screenshot tweet tí ẹ ò kọ rí, pẹ̀lú orúkọ yín àti fọ́tò yín, kí omi tíì mo gbé kaná tó hó. Irú ayé yìí ni ẹni tó ń forward ń gbé, tó sì ń ní, “Mo rí screenshot ẹ̀.”

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé àwọn baba wa ò bú èèyàn ní gbangba ni? Wọ́n bú o. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, lóru tó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde sí ojú ọjà, á fi orin tú àṣírí olè, á tú ti alágbèrè, á tú ti ìjòyè tó ń fìyà jẹ ará ìlú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń lo àkàǹtì aláìlórúkọ fẹ́ràn láti fi ara wọn wé Ẹ̀fẹ̀. Wọ́n gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá àti àwọn àgbà kó tó la ẹnu. Ìlú mọ ìgbà tó máa jáde, wọ́n mọ ibi tó máa dúró sí, wọ́n sì mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ dáadáa. Ọmọ wọn ni, àárín wọn ni yóò jí sí lọ́la. Bó bá purọ́ mọ́ èèyàn, ó mọ ibi tí òun ń gbé. Àkàǹtì tó ní fọ́tò ológbò àti nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ́yìn orúkọ ò júbà ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo gbà á dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí mo ti dúró.

Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1925, ìjọba òyìnbó yọ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ lóyè, wọ́n gbé e kúrò ní Ìgá Ìdúngànràn lọ sí Ọ̀yọ́. Herbert Macaulay wà lẹ́yìn ọba náà, ó sì ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́, Lagos Daily News. Ní 1928, ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Ẹlẹ́kọ̀. “Wọ́n ní” pọ́ńbélé ni. Wọ́n gbé Macaulay lọ sí kóòtù, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ṣé ó dára bó ṣe tẹ ohun tí kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Lójú tèmi, kò dára. Èmi náà ò ní yí i lóhùn torí pé akọni ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó mú un. Ìjọba tó kó ọba kúrò lórí ìtẹ́ tí kò sì fẹ́ kí kóòtù bi òun pé kí ló dé, òun ló ń rán èèyàn lẹ́wọ̀n torí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó di 1931 kí Privy Council ní London tó sọ pé dandan ni kí kóòtù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyọlóyè yẹn bófin mu. Ọdún yẹn ni Ẹlẹ́kọ̀ padà sí Èkó. Ẹ̀wọ̀n ni mo ń bá jà. Ìyá aláṣọ lè gba owó gbà-má-bínú, ó lè gba àtúnṣe, kí ẹni tó bà á jẹ́ tọrọ àforíjì níbi tó ti bà á jẹ́ gan-an. Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Ọlọ́pàá sì ń wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, obìnrin oníṣòwò kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò Nagiko ti iléeṣẹ́ Erisco Foods. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kó yé ba ọjà arákùnrin òun jẹ́. Ó fèsì pé kó gba arákùnrin ẹ̀ nímọ̀ràn kó yé fi ọjà ẹ̀ pa èèyàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọlọ́pàá fi mú un ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá. Iléeṣẹ́ náà tún pè é lẹ́jọ́ ₦5 bílíọ̀nù. Gbólóhùn méjì tó kọ yẹn ò jọra. Ṣúgà pọ̀ jù, ahọ́n ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ra á, òun ló tọ́ ọ wò, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Pé ọjà ń pa èèyàn, ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìbínú, ó sì lè jẹ́ ẹ̀sùn gidi tó ń fẹ́ ẹ̀rí. Agbẹjọ́rò méjì lè fi odindi ọjọ́ jiyàn lé e, kóòtù sì ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti jà á. Kò sí ohun tó kan àtìmọ́lé nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Òfin tí wọ́n sábà máa ń gbé jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti 2015. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn, ẹni tó bá fi ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti fi mú inú bí ẹlòmíì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san ₦7 mílíọ̀nù. Láti fi mú inú bíni! Ní oṣù kẹta 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí Nàìjíríà lọ tún un ṣe. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe: ó ku irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, àti àwòrán oníhòòhò. Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń pinnu pé ìlú fẹ́ dàrú? Ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà náà ni.

Ẹni tí mo ń rò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọbìnrin kan tó lè wà ní ọ́fíìsì èyíkéyìí ní Broad Street, tí ọ̀gá ẹ̀ ti ilẹ̀kùn, tó fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Kò sí rìsíìtì, kò sí téèpù, kò sí ẹnì kẹta. Bó bá sọ ọ́ síta, ọ̀gá lè gba lọ́yà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Òtítọ́ ni ààbò, a ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó lọ́yà tó máa gbé òtítọ́ náà dé iwájú adájọ́ ń kọ́? Àwọn kan á ní kó kúkú dákẹ́. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kì í ṣe “wọ́n ní”. “Mo” ló fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ẹ̀, ó fi orúkọ àti ojú ara ẹ̀ sídìí rẹ̀, ẹ̀rí sì ni ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ń sọ ohun tójú ara ẹ̀ rí, kódà ní kóòtù. Àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀ la máa ń bà á jẹ́ fún un. A ó gbé e, a ó fi ìyọ̀ sí i, ẹnì kan á ní wọ́n ní ọ̀gá náà ti ṣe é fún ọmọ mẹ́wàá, ẹnì kan á ní ó ti pa ìyàwó rí. Lọ́yà ọ̀gá ò ní fọwọ́ kan gbólóhùn tí ọmọbìnrin náà kọ. Àfikún tiwa ni yóò gbé dání wọ kóòtù. Bí a bá gbà á gbọ́, “mo gbà á gbọ́” tó láti kọ, kí orúkọ wa wà lábẹ́ ẹ̀.

Ní oṣù kejìlá 2024, ọlọ́pàá láti Èkìtì wá mú agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì, torí ohun tó kọ sínú ìwé nípa àgbà agbẹjọ́rò Afẹ́ Babalọlá. Ìwé ni, àmọ́ wọ́n tún fi òfin ayélujára kún ẹ̀sùn. Agbẹjọ́rò Fẹ́mi Fálànà sọ ọ́ síta nígbà náà pé Èkó àti Èkìtì ti yọ ìbanilórúkọjẹ́ kúrò nínú òfin ọ̀daràn wọn. Síbẹ̀, Fárótìmí ò jáde títí di ọjọ́ 24 oṣù náà, ó ku ọ̀la kí ó di Kérésìmesì. Ní oṣù kìíní 2025, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀ àti àwọn ọba mìíràn lọ bẹ Babalọlá, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn.

Inú mi dùn pé ó parí láìsí ẹ̀wọ̀n mọ́. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Ẹni tó kọ ọ́ ò ráyè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa ẹ̀ ò sì gba ìwé ìdájọ́ tó máa fọ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ìlú kàn gba ti inú kálukú lọ sílé, “wọ́n ní” sì tún gbapò. Ìyá aláṣọ Bálógun àti oníbàárà ẹ̀ ò sì mọ ọba kankan tó máa bá wọn dá sí i.